Olùkọ́ Kò Rí Ọ, Ọlọ́hun Ńkọ́?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, àrùn Kòrónà ni ó ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2020. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì títí di oṣù Kejìlá ọdún náà, ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì aládàáni kan ń kọ́ ọmọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà ni a ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá sí asalátù wa léèrè bí irú ẹ̀kọ́ yìí bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Púpọ̀ wọn ní ó dùn. Kò sí owó ọkọ̀, kò sí ìjà àga. Arábìnrin tí ó ń fún ọmọ lọ́mú lè kàwé. Irú wọn wà lára àwọn tí National Open University, tí ìjọba tì pa ní 1984 tí ó sì jí dìde ní 2002, wà fún. A kò bẹnu àtẹ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè pé kí ni ó dùn níbẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ há sí àwọn kan lẹ́nu. Ọ̀kan ní òun a forúkọ sílẹ̀, òun a pa kámẹ́rà, òun a padà sùn. Òmíràn ní ọ̀rẹ́ òun ni ó bá òun ṣe ìdánwò. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwa kò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Sàábé Jábìr ọmọ Abdullah ra ràkúnmí, ó rin ìrìn oṣù kan dé ilẹ̀ Ṣáámù nítorí hádíìsì kan ṣoṣo. Lónìí, ẹ̀kọ́ ni ó ń rìn wá bá wa lórí ibùsùn. Lóòótọ́ dátà wọ́n, iná a sì máa lọ, ṣùgbọ́n kò tó ìrìn oṣù kan.

Ẹ rántí Jíbírílù nígbà tí ó wá bá Ànábì wa. Ó jókòó, ó fi orúnkún kan orúnkún rẹ̀, kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀. Ìjókòó akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn! Nínú ìbéèrè rẹ̀ ni ihsan wà, Ànábì sì fi yé e pé kí á sin Ọlọ́hun bí ẹni tí ó ń rí I, nítorí bí a kò tilẹ̀ rí I, Òun ń rí wa. Kámẹ́rà tí o pa, olùkọ́ nìkan ni ó dí lójú.

Ẹni tí wọ́n bá ṣe ìdánwò yẹn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ń kọ́. Ó bi wá bóyá túúbá tó. A ní kí ó tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí ó sì ṣí ìwé ìwọ̀n oògùn náà padà, kí ó kọ́ ọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n, kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn kankan.