Ta Ló Jẹ Gbèsè?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Lọ́jọ́ kejì Kérésì, ẹbí wa péjọ sílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ajah. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ wá ṣeré. Ẹ̀gbọ́n tẹ dùrù dáadáa, a náwó fún un. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, fọn orin Kérésì kan tí gbogbo wa mọ̀. Ó ṣì í fọn, la bá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti fèrè bọ abẹ́ àga, kò mú un mọ́.

Ṣé ká wá purọ́ pé ó dùn ni? Rárá o. Ẹ wo ilé àwọn Àyàn, àwọn onílù: omele ni wọ́n ń gbé fún ọmọdé, ìyáàlù àgbà á sì máa dún lọ. Bí ọmọ bá ṣì í lù, eré ò dúró. Kò sẹ́ni tó purọ́, kò sẹ́ni tó fi í ṣẹ̀sín. Àwa dá tiwa dúró láàárín pálọ̀, a jókòó bí adájọ́.

Lójú tèmi, kì í ṣe ìyìn la jẹ ọmọ yẹn, ègbè ni. Ṣebí mo mọ orin ọ̀hún? Ẹnu tí ǹ bá fi gbè é, ẹ̀rín ni mo fi rín.