Ẹ Ṣeun Àná, Ará Ilé

Fún kíkà lónìí: Suratu Ar-Rahman (Sura 55)

Ẹsẹ 78 ni Sura yìí ní. Nínú rẹ̀, ìbéèrè kan náà lórí oore tí ẹ̀dá ń sẹ́ ni Ọlọ́run bi ènìyàn àti àlùjọ̀nnú nígbà 31. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ilé kéú jáde ló lè kà á láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń gbà mí lọ́kàn jù ni àwọn nǹkan tó yí ìbéèrè náà ká. Ọlọ́run kò kàn sọ pé oore Òun pọ̀, kí Ó sì dákẹ́. Ó ń dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan: oòrùn àti òṣùpá, èso, igi dàbínù, ọkà tòun ti èèpo rẹ̀, omi méjì tó pàdé. Bí Ẹni tó ni oore bá fara balẹ̀ dárúkọ rẹ̀ báyìí, ó yẹ kí àwa tí a gbà á lè dárúkọ rẹ̀ náà.

Òjò àrọ̀kúrò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ìlọrin. Oṣù kẹsàn-án tí òjò fi ń lu páànù tọ̀sán-tòru ti kọjá. Ìrì la ń bá lórí koríko báyìí tí a bá ń lọ kírun Àsùbá. Ẹ̀pà ti wọlé. Ní àwọn abúlé Asa àti Moro, ọkà bàbà ti yọrí, ó ku kí oòrùn gbẹ ẹ́. Nílùú Òyìnbó, ewé ń já lákòókò yìí, òtútù sì ti ń mú. Níhìn-ín, èlùbọ́ la fi ń mọ̀ pé ọdún ti ń rọ̀.

Ẹni tó bá dàgbà sí agboolé, ì báà ṣe Òkèlele tàbí Ìdí-Àpẹ, mọ iṣẹ́ yìí. Iṣu á ti oko dé, ìyá àti àwọn ọmọbìnrin á jókòó bẹ ẹ́, wọ́n á gé e. Wọ́n á gbé omi kaná. Omi náà á gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè pẹ́ nínú rẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ hó, torí bó bá hó, iṣu jíjẹ ni wọ́n sè yẹn. Á sùn nínú omi náà mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á sá a sórí páànù tàbí orí àpáta. Ìgbà yìí ni iṣẹ́ kan àwọn ọmọdé: pàṣán lọ́wọ́, kí ewúrẹ́ má fẹnu kàn án. Ìyá àgbà á jókòó lórí àpótí, á máa yí èyí tó gbẹ lápá kan padà, á sì máa sọ ìtàn fún àwọn olùṣọ́ kéékèèké yìí kí wọ́n má baà sá lọ ṣeré. Bí ọyẹ́ bá wá dé, á gbẹ kán-ún-kán-ún, ó di ilé ẹ̀rọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi èlùbọ́ tuntun yẹn ro òkà, tí gbẹ̀gìrì wà lórí rẹ̀, tí wàrà díndín sì wà nínú ọbẹ̀, ẹ wo iye ọwọ́ tó ti kan oúnjẹ náà. Àgbẹ̀ tó kọ ebè nínú ẹrùn wà níbẹ̀. Obìnrin Fúlàní tó jí fún wàrà wà níbẹ̀. Ìyá tí èéfín ta lójú wà níbẹ̀, àti ọmọ ọdún mẹ́fà tó lé ewúrẹ́. Orílẹ̀-èdè wa ló ń wa èyí tó ju ìdajì lọ nínú iṣu gbogbo ayé, bóyá ìyẹn ló jẹ́ ká máa jẹ ẹ́ bí ẹni pé ó ń hù fúnra rẹ̀ nínú àwo.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Àwa Yorùbá mọ ọpẹ́ dá. Bí ará ìta bá ṣe wá lálejò lónìí, a ó jí lọ́la, a ó lọ kí i: ẹ ṣeun àná o. Bí a bá tún pàdé rẹ̀ lọ́jà Ọba lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó tún un kí. Ta ló ń kí aya rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ta ló ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé, bàbá, ẹ ṣeun àná, epo tí ẹ rà sínú ẹ̀rọ amúnáwá ni mo fi kàwé? Ẹ̀kọ́ Ànábì fi ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn mọ́ ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò yọ ará ilé sílẹ̀.

Ayọ̀ mìíràn tún wà tí a kì í kà sí. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin ló ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester. Látìparí oṣù kẹta, aago tiwọn àti tiwa ń lọ déédéé. Tó bá di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n á dá tiwọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, tiwa á sì dúró síbi tó wà. Bàbá tó ti mọ ìpè ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn Ìṣáì á wá máa dúró dè é, fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀sùbáà. Nígbà tí ìpè bá wọlé, kí ni wọ́n ń sọ? Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé òtútù kò pọ̀? Ẹ kí ìyá. Ó parí. Oore ńlá ni.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún gbogbo ilé. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ìkòkò ọ̀pọ̀ ìyá ti kéré sí i, àwọn mìíràn sì sin òbí láàárín ọdún. Ọlọ́run kò ní kí a purọ́ pé nǹkan dùn nígbà tí kò dùn. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀ sì lè tètè rí ọwọ́ tó gbé e wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, lẹ́yìn Ìṣáì alẹ́ òní, ẹ dárúkọ oore kan pàtó fún Ọlọ́run, kí ẹ sì pe ẹni tó gba ọwọ́ rẹ̀ wá nínú ilé yín, kí ẹ kí i: ẹ ṣeun àná. Bó bá wà lókèèrè, ẹ pè é lórí fóònù kó tó sùn. Bó bá ti lọ, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ṣe àdúà, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣe fún àwọn ọmọ yín.