Odidi Ọkà, Ìyẹ̀fun Funfun àti Ẹ̀sùn Àjẹkì

Gbogbo ọkà, ìbáà ṣe àlìkámà, àgbàdo tàbí ìrẹsì, ló ní eèrí lára, ojú tó ti ń hù, àti funfun inú rẹ̀. Odidi ọkà ni èyí tí a lọ̀ tàbí tí a sè pẹ̀lú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá bó o tí a sì jọ̀ ọ́, funfun inú nìkan ló kù. Òun là ń fi ṣe búrẹ́dì funfun. Àwọn oníṣègùn ń bèèrè èwo nínú méjèèjì ló ń mú àgbàlagbà sanra. Ìbéèrè àwọn onísìn le ju ìyẹn lọ: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú jíjọ̀ ọkà, ṣé ara tó sanra sì jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ náà?

Sylvester Graham, àlùfáà Presbyterian ní Amẹ́ríkà, gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú ìwé tó kọ nípa búrẹ́dì ní 1837, ó ní ẹni tó yọ eèrí kúrò lára àlìkámà ń ya ohun tí Ọlọ́run so pọ̀. Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ló ń bà á lẹ́rù ju sísanra lọ. Lójú rẹ̀, ẹran àti oúnjẹ aládùn ló ń ru ú sókè. Àwọn oníbúrẹ́dì àti alápatà Boston dìde sí i lọ́dún náà, nítorí ó ń ba ọjà wọn jẹ́. Ó kú ní 1851 ní ẹni ọdún 57, ọjọ́ orí tí kò ran ìwàásù rẹ̀ lọ́wọ́.

Ihò kan wà nínú ọ̀rọ̀ Graham. Ó wo bí nǹkan ṣe rí, ó sì ti ibẹ̀ sọ bí ó ṣe yẹ kí a máa jẹ ẹ́. Kí wọ́n tó bí i rárá ni David Hume, ọlọ́gbọ́n ọmọ Scotland, ti kìlọ̀ pé èkíní kò bí èkejì. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti rí. Májèlé wà nínú gbágùúdá bó ṣe ti oko dé. Rírin ín, fífún omi rẹ̀ dànù àti yíyan án ló sọ ọ́ di gààrí tó ṣeé jẹ. A ń rẹ àgbàdo, a ń lọ̀ ọ́, a ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ kó tó di ògì, eèrí rẹ̀ a sì di ti ẹran ọ̀sìn. Ta ló pe alógì ní ọlọ̀tẹ̀ sí Ẹlẹ́dàá rí?

Ìbéèrè àwọn oníṣègùn ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn kékeré ni. Ní 2011, Dariush Mozaffarian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ará Amẹ́ríkà 120,877. Ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ara wọn ń fi nǹkan bíi kílò 1.5 wúwo sí i. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n odidi ọkà kan kún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ń rí bíi kílò 0.17 dín nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọkà àbó, bíi 0.18 ló ń lé e. Ìpékeré ọ̀dùnkún òyìnbó inú ọ̀rá ń lé bíi 0.77! Eèrí ń gba ẹnu àti inú lásìkò, díẹ̀ nínú agbára oúnjẹ a sì bá ìgbẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ odidi ọkà sábà máa ń rìn jù, kì í sì í sábà mu sìgá, nítorí náà a kò lè gbé gbogbo ògo fún ọkà.

Ìwé Mímọ́ pàápàá kò gbè sẹ́yìn ẹni tó fi ara tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe àmì ìwà mímọ́. Nínú ìwé Dáníẹ́lì orí 1, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kọ oúnjẹ ọba, wọ́n jẹ ewébẹ̀, wọ́n mu omi, ara wọn sì sanra ju ti àwọn tó jẹ ti ọba lọ. Sísanra ni ẹ̀rí pé wọ́n ṣe rere. Àwọn oníwàásù oúnjẹ kì í sábà dúró níbẹ̀.

Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn Kristi tó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ka ọ̀nà márùn-ún tí ẹ̀ṣẹ̀ àjẹkì ń gbà wáyé: jíjẹun kí àkókò tó tó, jíjẹ ohun tó wọ́n jù, jíjẹ àjẹjù, jíjẹ pẹ̀lú ìwọra, àti ṣíṣe àṣejù lórí bí a ṣe sè é. Ìwọ̀n ara kò sí nínú wọn. Lójú òfin yẹn, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wá búrẹ́dì odidi ọkà olówó gọbọi kiri, tó sì ń ṣíjú ẹ̀gàn wo oúnjẹ ọmọnìkejì, súnmọ́ àjẹkì ju ẹni tó sanra tó jẹ búrẹ́dì funfun tí ọwọ́ rẹ̀ ká.