Ẹ̀kọ́ Méjì Nínú Orí Kan: Ṣé Ó Tọ́?



Bàbá kan nínú wa ní ọmọ òun fẹ́ lọ kọ́ òfin ìjọba àti òfin Ṣẹ̀ríà pọ̀ ní yunifásítì. Ó bi wá pé, "Ẹni tó lé eku méjì, ṣé kò ní pòfo?" Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa títí a fi délé.

Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Yunifásítì Bayero níhìn-ín ní Kánò, ó sì wà ní Ìlọrin. Ọdún 5 ni ẹni tó bá gba ọ̀nà JAMB wọlé yóò lò, oyè kan ṣoṣo ni yóò sì gbà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Ará wa kan kú, ó fi ìyàwó 2, ọmọ 7 àti ilé kan sílẹ̀. Àwa tí wọ́n pè gẹ́gẹ́ bí ààfáà mọ ìpín: ìdá kan nínú mẹ́jọ fún àwọn ìyàwó, kí ọmọkùnrin sì gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ kò yé wa. Ó yé lọ́yà tí wọ́n pè, àmọ́ kò mọ ìpín. Àwa ń sọ tiwa, òun ń sọ tirẹ̀. Kí a tó mọ̀, ilé ti di ti ẹni tó kọ́kọ́ rí ìwé mú. Títí di òní, àwọn ọmọ bàbá kan náà kì í kí ara wọn. Ẹ̀bi tiwa níbẹ̀ kò kéré, nítorí ojú tì wá láti sọ pé a kò mọ̀.

Eku tó sá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òwe yẹn ń bá wí. Ọwọ́ ọ̀tún àti òsì ni ti ẹ̀kọ́ yìí. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 pàápàá fàyè gba ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣẹ̀ríà ní ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ẹ, fún ọ̀ràn bí ìgbéyàwó àti ogún Mùsùlùmí.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí a yọ kúrò ní ilé-kéwú nítorí lẹ́sìnnì, èdè Lárúbáwá ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró. A kì í de ọmọ lẹ́sẹ̀, kí a tún máa bá a wí pé kò rìn.

Àníyàn ló tún kù. Ẹni tó kọ́ méjèèjì kí ó lè máa mú Ṣẹ̀ríà nígbà tó bá gbè é, kí ó sì sá sí ti ìjọba nígbà tí èyí bá gbè é, kò kọ́ ọ̀kankan. Jìbìtì ló kọ́. Ẹni tó kọ́ ọ kí ọmọ òrukàn lè rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà, ẹ jẹ́ kó lọ.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tó ń ṣe ni láǹfààní. Àmín.