Àlọ Nìkan, tàbí Àlọ Àtàbọ̀?

Àjọ tí mo kó lóṣù kẹta ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ mi rí ọjọ́ mẹ́ta gbà níbi iṣẹ́ lásìkò Àjíǹde, mo sì ti fọkàn sí i pé lọ́dún yìí a ò ní jókòó sí Ọ̀tọ̀ níbí ká máa gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò. Mo ní ká lọ sétí òkun, ká sùn síbẹ̀ lóru méjì.

"Ṣé kì í ṣe etí òkun náà la wà yìí?" ni ọkọ mi wí.

Kò kúkú parọ́. Téèyàn bá dúró ní Ọ̀tọ̀ tó kọjú sí gúúsù, ọ̀sà ló máa kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn ọ̀sà ni ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan tí igi àgbọn pọ̀ sí, lẹ́yìn ìyẹn, òkun ńlá. Ṣùgbọ́n láti ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọléèwé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní agbègbè yìí, iye ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kan omi òkun kò pé márùn-ún.

Kálukú wá ń sọ tirẹ̀. Elégùṣì làwọn ọmọ ń fẹ́, nítorí ohun tí wọ́n ń rí lórí fóònù: orin, ẹṣin tí wọ́n ń gùn lórí iyanrìn, èrò bí omi. Ọkọ mi ní Ìláṣẹ ló dáa, níbi téèyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi dé, tí kò sí gosiló. Ọkàn tèmi wà ní Ìwórò, ní Whispering Palms, torí ọ̀sà ló wà níwájú ibẹ̀, ọ̀sà kì í sì í bú mọ́ni bí òkun. Ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ ọmọ Ògù láti Àgbádárìgì, jókòó sídìí ògiri, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tán.

"Ìyàwó mi, kí lẹ sọ nù sínú omi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wá?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìyá, a kàn fẹ́ lọ gbafẹ́ ni mà." Wọn ò dáhùn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí, torí ilé aládùúrà ni wọ́n ti tọ́ èmi náà. Bàbá mi máa ń kó wa lọ sí Bar Beach nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a ó wọ sùtánà funfun, a ó bọ́ bàtà sílẹ̀, a ó gún àbẹ́là mọ́ inú iyanrìn, a ó kọjú sómi. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé òun fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Adúrà la bá wá, adúrà la ó gbà, tó bá sì parí, ilé yá. Iyanrìn yẹn kan náà ni ìjọba ológun ti ń de àwọn adigunjalè mọ́ àgbá, tí wọ́n ń yìnbọn fún wọn láti ọdún 1971, tí èrò ń lọ wò bí ẹni ń lọ wo sinimá. Bí mo bá rò ó báyìí, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé bàbá mi ò sọ ọ́ kàn wá rí. Ilé gogoro Eko Atlantic ló ń dìde níbẹ̀ lónìí.

Nítorí náà, kì í ṣe pé àwa Yorùbá ò mọ etí òkun. À ń lọ kí Olókun níbẹ̀, à ń lọ gbàdúrà, à ń lọ ra ẹja. Pé ká lọ sùn gbalaja lórí iyanrìn, ká di awò dúdú mójú, ìyẹn ló dé lẹ́yìn. Àwọn àgbà wa ti sọ ibi tí ìsinmi ń gbé: ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yẹn láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo kà á sí ọ̀rọ̀ nípa ilé. Lọ́jọ́ tí à ń jiyàn yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àbọ̀ ló wà láàárín gbùngbùn rẹ̀. Oko ò burú, ìrìn àjò ò burú, àmọ́ títí tóo ó fi padà dé, o ò tíì sinmi.

Ẹ sì wo bí a ṣe ń kíra wa. Ẹni tó dé, a ní "káàbọ̀." Ẹni tó ń lọ, a ní "ó dàbọ̀," a ò tilẹ̀ dárúkọ lílọ rẹ̀ rárá, ìpadàdé rẹ̀ la ti ń fojú sọ́nà fún kó tó kẹ́yìn sí wa.

Àkọ́bí mi obìnrin ló da omi tútù sí gbogbo àríyànjiyàn náà. Ó rí àwòrán òpó méjì tó ga létí òkun Gbẹ̀rẹ̀fù, ní òdìkejì ọ̀sà sí Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ń pè ní ibi tí kò sí ìpadàbọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń polówó àgbọn tútù àti ẹja yíyan. Ó ní, "Mọ́mì, ibi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú lọ, ṣé ó yẹ kéèyàn máa gbafẹ́ níbẹ̀?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò lọ fọ abọ́, ọ̀dọ̀ mi ló jókòó sí. Àgbádárìgì kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ta èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjà Vlekete wà níbẹ̀, tí wọ́n ń ka ìpìlẹ̀ rẹ̀ sí ọdún 1502. Ilé tí Seriki Williams Abass ń kó ẹrú sí ṣì wà níbẹ̀, yàrá rẹ̀ há débi pé mo ti mú kíláàsì mi wọ ọ̀kan rí, àwọn ọmọ mẹ́wàá péré sì ti ń pariwo pé ooru ń mú àwọn. Láti ìlú, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn kọjá ọ̀sà, wọ́n á dà wọ́n gba orí iyanrìn Gbẹ̀rẹ̀fù. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà tí wọ́n ní wọ́n ń fún wọn lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ronú kan kànga yẹn mọ ohun tó ń ṣe: ẹni tó bá ṣì rántí ilé, àbọ̀ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀.

Mo wá lọ sídìí ohun tí mo fi ń jẹun, Bíbélì. Ibi méjì ni òfin ọjọ́ ìsinmi ti wà, ìdí tí wọ́n sì fún un ò pa pọ̀. Nínú Ẹ́kísódù orí ogún, a ní láti sinmi torí Ọlọ́run dá ọ̀run, ayé àti òkun ní ọjọ́ mẹ́fà, ó sì sinmi ní ìkeje. Ọdọọdún ni mo ń kọ ọ́ sójú pátákó. Nínú Deuterónómì orí karùn-ún, ìdí náà yàtọ̀ pátápátá: kí Ísírẹ́lì rántí pé ẹrú ni òun ní Íjíbítì, kí ìránṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin àti obìnrin lè sinmi bí òun náà. Ìyẹn kì í sábà jáde nínú ìdánwò, n kì í sì í dúró lé e lórí.

Ìdí àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo ilé ìgbafẹ́ ń tà fún wa: wo òkun, wo ọ̀run, sinmi. Mi ò bá wọn jà, òkun dára wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìdí kejì yẹn rò pé ẹni tó ti ṣẹrú rí nìkan ló mọ ohun tí ìsinmi jẹ́, pé ìrántí ẹrú kì í ba ìsinmi jẹ́, òun gan-an ló bí i. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ọmọ mi ti yí padà lọ́wọ́ mi. Ó wá dà bíi pé etíkun tí kò ní ìtàn kankan nídìí ni mo yẹ kí n máa bẹ̀rù láti gbafẹ́ sí.

Mo rántí Àjàyí Crowther náà, ẹrú kan tó padà dé. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó lọ́dún kejì, ọkọ̀ ogun òkun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú omi, ó di Freetown. Oṣù kìíní 1845 ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ló ń lọ, ọ̀nà sì dí, ó wá há sétí òkun yìí fún bí ọdún kan àbọ̀. Oṣù kẹjọ 1846 ló tó fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Òun náà ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí odindi rẹ̀ jáde ní Yorùbá ní 1884, èyí tó gbé ọ̀rọ̀ Íjíbítì àti ẹrú wọnú ilé wa. Ìtàn yẹn dùn, mo fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ fọ́mọ iléèwé. Àmọ́ mo ti ń ṣọ́ra fún un báyìí. Ẹnì kan tó padà dé ò lè rọ́pò àwọn tí kò dé.

A lọ sí Àgbádárìgì. Àjọ mi, ìpinnu mi. Ilé ìgbafẹ́ kékeré kan la dé sí, kò jìnnà sómi, n ò ní dárúkọ rẹ̀ torí fáànù yàrá wa ò yí. Láti Àgbárá dé Mọ́wó, àwọn agbófinró tó dá wa dúró pọ̀ ju ọ̀pá iná lọ, ọkọ mi sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kó wọn síbẹ̀. Àwọn ọmọ ṣeré, wọ́n gbẹ́ ihò nínú iyanrìn, wọ́n jẹ gúgúrú. Èmi náà sùn. Mo sùn lọ́sàn-án láìfi áláàmù sí i, èyí tí n ò ṣe láti ìgbà tí mo bí àbíkẹ́yìn.

Láàárọ̀ Ajé, ọmọbìnrin tó ń gbá yàrá wọlé. Mo bi í bóyá ó ráyè lọ sílé lásìkò ọdún. Ó ní láti Ọjọ́ Ẹtì Rere lòun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ òun wà lọ́dọ̀ ìyá òun ní Mọ́wó. Ẹsẹ̀ Bíbélì nípa ìránṣẹ́ obìnrin yẹn bá mi níbẹ̀, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Mo fún un lówó díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Owó kì í ṣe ìsinmi, àwa méjèèjì la mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà la kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fù. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti ní àwọn ò ní lọ, ló kọ́kọ́ wọnú ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ bi wá pé, "Àlọ nìkan ni, àbí àlọ àtàbọ̀?" Ọkọ mi san àlọ àtàbọ̀, kò ronú sí i. Èmi ni mo wo ojú ọmọ mi obìnrin, òun náà wò mí.

A fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn tó gbóná. Nígbà tí a rí òkun, Ìyá bọ́ bàtà. Mo bọ́ tèmi láìrò ó, bí ìgbà tí mo wọ sùtánà. Àwọn èrò mìíràn ti bọ́ tiwọn ṣáájú wa, nítorí omi, nítorí fọ́tò. Ìyá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè Ògù, wọn ò gbóhùn sókè. Mi ò gbọ́ èdè náà, mi ò sì bèèrè.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, àbíkẹ́yìn mi juwọ́ sí òkun, ó ní, "Ó dàbọ̀ o!" Ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, kíá.

"A kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún omi yìí."

Ní èbúté, ọlọ́kọ̀ ń ka orí àwọn tó gbé wá kó tó tu okùn. Nílé wa, ẹnikẹ́ni tó bá nàka sí àwọn ọmọ pé òun ń kà wọ́n, Ìyá á bá a jà, torí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo ti ń retí ariwo. Ọlọ́kọ̀ kà á dé orí ẹni kẹfà, ó nawọ́ sí okùn.

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá wí. "Ẹ tún wa kà."