Iyán Ogún Ọdún

Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orin Orquesta Akokán. Ọdún 2018 ni àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde láti Daptone, ilé-iṣẹ́ orin aládàáni kan ní Brooklyn, ṣùgbọ́n iyán tí wọ́n gbé kalẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún: mambo Kúbà, irú èyí tí Arsenio Rodríguez, Pérez Prado àti Benny Moré fi gbayé ní àwọn ọdún 1940 àti 1950. Odò kan náà ni àwọn tó dá sálsà sílẹ̀ ní New York ti pọnmi.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà kàn wá. Lukumí, èdè tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà fi sílẹ̀ fún ọmọ wọn, ni wọ́n ti mú Akokán, ìtumọ̀ tí wọ́n sì fún un ni "láti ọkàn wá". Kò sí etí Yorùbá tí kò ní gbọ́ ọkàn nínú rẹ̀.

Jacob Plasse, Michael Eckroth àti akọrin ọmọ Kúbà, José "Pepito" Gómez, ló kó ẹgbẹ́ náà jọ. Wọn ì bá jókòó sí New York, kí kálukú gba tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí kọ̀ǹpútà wá rán an pọ̀. Havana ni wọ́n lọ, sí sítúdíò Areíto, yàrá tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ ti kọrin. Wọ́n pe àwọn ọ̀jẹ̀ onílù àti afunfèrè ìlú náà, gbogbo wọn jókòó pọ̀, wọ́n sì ṣe orin náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rò ó wò: bí afunfèrè kan bá ṣi ohùn, gbogbo yàrá ni yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe yẹ kó rí: ọ̀pọ̀ ló ń pa òwe yìí, àwọn díẹ̀ ló ń san owó rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù ni clave. Igi kéékèèké méjì ni, ìró márùn-ún péré ni wọ́n sì ń mú jáde: mẹ́ta lápá kan, méjì lápá kejì. Lórí rẹ̀ ni dùùrù, fèrè, kóńgà àti ohùn ń rìn. Akọrin lè máa lé orin bó ṣe wù ú, kí ègbè máa dá a lóhùn. Bó bá ti yà kúrò lórí igi yẹn, ẹsẹ̀ oníjó ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tó dàgbà nídìí agogo kò nílò àlàyé. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Kóòtù funfun àti fèrè tó ń dán, aṣọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni lè rà á. Àkísà ni clave.

Púpọ̀ nínú orin tí wọ́n kọ ló tún jẹ́ tuntun, bí "Un Tabaco para Elegua", èyí tí wọ́n fi fún Ẹlẹ́gbára ní sìgá. Èyí ni mo kà sí iṣẹ́ àṣekára wọn. Ẹni tó tún orin olókìkí kọ ń jẹun nínú oko baba. Àwọn wọ̀nyí dá oko tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti baba, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo ayé wá wo ebè wọn.

Lọ́dún 2019, wọ́n wà lára àwọn tó ń du Grammy. Spanish Harlem Orchestra, tí Oscar Hernández ń darí ní New York, ló gbà á, ẹgbẹ́ tí òun náà ti ń sọ sálsà àtijọ́ jí láti ọdún 2000. Ọ̀nà kan ò wọjà. Akokán kò dúró: 16 Rayos jáde lọ́dún 2021, Caracoles tẹ̀ lé e lọ́dún 2024.

Lálẹ́ àná, mo tún gbé àwo àkọ́kọ́ sí i, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa clave tẹ̀ lé wọn: mẹ́ta, méjì, mẹ́ta, méjì. Orin kò tíì dé ìdajì tí ọwọ́ mi fi yà. Mo dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.