Ta Ló Gbé Òdo sí Èkó?

Ẹ bi ọmọ Mowe ní Àbújá pé ibo ló ń gbé, á ní Èkó. Ti Ibafo ń kọ́? Èkó náà ni. Ti Ifo á rọra ní, "Ẹ̀gbẹ́ Èkó níbẹ̀." Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ẹ má pè é nírọ́ o, torí Èkó lọ̀pọ̀ wa ń lọ ṣiṣẹ́ láràárọ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ mi máa ń rán mi létí: ta ló gbé òdo sí Èkó?

Kóòdù ni mò ń kọ. Tá a bá fẹ́ ya àwòrán géèmù, tàbí ká jẹ́ kí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ já bọ́ bíi ti gidi, a kì í ṣe ìṣirò ọ̀hún látìbẹ̀rẹ̀. Library kan tó ń jẹ́ GLM, fún èdè C++, ti ṣe é sílẹ̀. Nínú rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní vec3 ló ń sọ ibi tí nǹkan wà. Ṣùgbọ́n wọn ò nítumọ̀ àfi tó o bá kọ́kọ́ mú ibì kan, kó o ní, "Ibí la ti ń kà." Ibẹ̀ ni òdo. Bó o gbé e sí Ojota, bó o gbé e sí Ifo, àyè tó wà láàárín Ibafo àti Mowe ò ní yí padà.

Ẹnì kan lè ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kàn wá? Kí òdo wà níbi tówó wà. Lórí ìwé, ó tọ̀nà. Nínú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bíìtì 32 péré ni vec3 fi ń tọ́jú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Nítòsí òdo, ó ń rí ohun tó kéré ju irun orí lọ. Tó o bá fi mítà wọn nǹkan, tó o sì jìnnà sí òdo ní 100,000 mítà, ohun tó kéré jù tó lè rí ti tó nǹkan bíi mìlímítà 8. Tó o bá dé 16,777,216, fi 1 kún un: kò ní kúrò lójú kan. Ìdí nìyí tí ohun tó jìnnà sí òdo fi ń gbọ̀n nínú géèmù. Ara ohun náà le. Ibi tí wọ́n ti ń kà á ló jìnnà.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan ìwà. Ẹni tó ń fi Èkó wọn gbogbo nǹkan á mọ bí Mowe ṣe jìnnà sí Berger tó, kó má rántí Ọ̀fàdà tó wà nítòsí ibẹ̀, ìlú tí ìrẹsì ti gba orúkọ. Á mọ Ifo síbi tí ilẹ̀ ti pọ̀, kó má mọ̀ pé oríta rélùwéè ni, níbi tí ojú irin ti yà lọ sí Idogo.

Ṣé kí kálukú wá gbé òdo sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ ni? A ò ní gbọ́ra wa yé. Ohun táwọn tó ń ṣe géèmù ńlá máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé òdo tẹ̀lé ẹni tó ń gbá a, wọ́n á sì tọ́jú matrix tó ń yí ìwọ̀n ibí sí tibòmíì, pẹ̀lú inverse tó ń dá a padà. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ ká máa bára wa lò nìyẹn. Tí mo bá fẹ́ dá ẹjọ́ ẹ, kí n kọ́kọ́ gbé òdo wá sọ́dọ̀ ẹ, kí n rí ẹ kedere, kí n tó padà sílé mi.

Tí wọ́n bá tún bi ẹ́ pé ibo lò ń gbé, sọ pé Mowe, kó o dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á béèrè ọ̀nà.